Àtẹ́rígbà àti Lintel: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Ilé Kíkọ́ nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ilé àti ilé kíkọ́, láti ìgbà tí àwọn Anglo-Saxon ń fi igi kọ́lé títí di ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ ẹnu àwọn bíríkìlà wa. A ṣe àlàyé pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbà pé ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yá lọ́wọ́ èdè Látìn, Norse, Faransé, Ítálì àti àwọn èdè ilẹ̀ Íńdíà. A tún fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì pàdánù àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kan nígbà tí ó ń yá ti ẹlòmíràn, àti pé irú ìpàdánù bẹ́ẹ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ ilé ní èdè Yorùbá. A parí iṣẹ́ náà pẹ̀lú àbá fún àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni.

Ìfáárà

Ní àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kan, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, a ń wo ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ ẹ̀yà ilé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ya ilé sójú pátákó, ó sì ń kọ orúkọ sí i lára: roof, wall, window, door. Nígbà tí ó dé òkè ilẹ̀kùn, ó kọ lintel. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó béèrè pé, "Tíṣà, kí ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá?" Akẹ́kọ̀ọ́ wa ronú díẹ̀, ó ní, "Kò ní orúkọ ní Yorùbá. Àwọn baba wa kì í ṣe é sílé." Ọmọ náà jókòó, ẹ̀kọ́ sì ń bá a lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́, a pe ọ̀dọ́kùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A bi í bóyá ó rántí ìtàn Ìrékọjá nínú Bíbélì, àti àwọn ibi tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ẹ̀jẹ̀ àgùntàn sí lára ilé wọn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa: òpó ilẹ̀kùn méjèèjì, àti àtẹ́rígbà. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́wọ́ lé ẹnu. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni ó fi í sí. Kò mú un wọ kíláàsì rí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó dùn wá kì í ṣe pé akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, nítorí ta ni kì í gbàgbé? Ohun tí ó dùn wá ni bí ó ti yá a lára tó láti sọ fún ọmọdé pé èdè rẹ̀ kò ní i. A ṣàkíyèsí pé ìgbàgbọ́ kan wà lẹ́yìn èsì náà: pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè tí ó ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àti pé èdè tí ó bá yá ọ̀rọ̀ lò, òtòṣì èdè ni. A ó lo ìtàn láti yẹ ìgbàgbọ́ yìí wò. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé Gẹ̀ẹ́sì náà kí a tó mọ orúkọ tí a ó pe tiwa.

Ilé onígi: ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Angle àti Saxon tí wọ́n rékọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Bìrìtìkó láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ni wọ́n gbé èdè tí ó di Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀. Igi ni wọ́n fi ń kọ́lé, koríko ni wọ́n sì fi ń bò ó. Ní West Stow, ní ẹkùn Suffolk, wọ́n ti tún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ sórí ibi tí abúlé wọn wà gan-an, kí àwọn èèyàn òde òní lè rí bí wọ́n ṣe rí.

Èdè wọn fi irú ilé yìí hàn. Ọ̀rọ̀ ìṣe wọn fún kí á kọ́lé ni timbran, èyí tí ó bá timber, igi ìkọ́lé, tan. Beam, tí a mọ̀ lónìí sí igi tí ó ru òrùlé, igi tí ó dúró nínú igbó ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Stair wá láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó túmọ̀ sí kí á gun òkè, gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀gùn tiwa ti wá láti ara títẹ̀ àti gígùn. House, door, floor, roof àti hall jẹ́ ti ìpìlẹ̀ yìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ọmọdé Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń mọ̀.

Wọ́n tún ní ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì sí wa. Bí àwa ṣe ń fi ilé ṣáájú, tí a fi ní ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹjọ́, àwọn náà a máa fi hus parí ọ̀rọ̀. Bochus ni ibi tí a ń kó ìwé sí. Ṣùgbọ́n lónìí, library ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀dọ̀ Faransé àti Látìn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni school, hospital àti court ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé ilé-ìwòsàn jẹ́ àpèjúwe lásán, pé hospital ni orúkọ gidi, kò tíì mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ti rìn ní ọ̀nà tí a ń rìn yìí rí.

Ọ̀rọ̀ àwọn alágbára

Kí àwọn èèyàn wọ̀nyí tó rékọjá òkun pàápàá ni wọ́n ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù tí wọ́n ń fi òkúta àti amọ̀ sísun kọ́lé. Wall wá láti ara vallum, odi tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ń mọ yí ibùdó wọn ká. Tile, kitchen àti street náà jẹ́ ti Látìn. Ìdí rẹ̀ kò le: ẹni tí kò bá ní títì olókúta rí kò lè ní orúkọ fún un. Nígbà tí nǹkan dé, orúkọ bá a dé.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn Viking láti ìhà àríwá Yúróòpù dé. Ní 793 ni wọ́n kọlu ilé àwọn mọ́ńkì ní Lindisfarne; nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ wọn fìdí kalẹ̀ sí ìlà-oòrùn àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dọ̀ wọn ni window ti wá. Vindauga ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni ojú afẹ́fẹ́, nítorí ihò tí kò ní gíláàsì ni. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti ní eagthyrel tirẹ̀, ihò ojú, ṣùgbọ́n ti àwọn àlejò ni ó borí. Yorùbá náà ń sọ pé ojú fèrèsé. Èdè mẹ́ta, tí ẹnìkan kò kọ́ ẹnìkejì, wo ihò kan lára ògiri, wọ́n sì rí ojú níbẹ̀. Irú àfiwé báyìí dùn mọ́ ọmọ kíláàsì ju àkọsórí lọ.

Èyí tí ó yí nǹkan padà jù lọ ni ogun 1066, nígbà tí William, Dúúkù ilẹ̀ Normandy, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀dà èdè Faransé ni àwọn Norman ń sọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé olódi kí wọ́n lè jẹ gàba lórí àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun. White Tower tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, nǹkan bí ọdún 1078 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1093, wọ́n fi ìpìlẹ̀ kàtídírà Durham lélẹ̀. Castle, palace, mansion, chamber, pillar, arch, vault, porch àti chimney wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀dọ̀ Faransé. Orúkọ àwọn oníṣẹ́ náà tẹ̀ lé wọn: mason àti carpenter.

Bí a bá to àwọn ọ̀rọ̀ yìí sí ẹgbẹ́ méjì, ìtàn ìjọba yóò hàn lára wọn. Ibi tí tálákà ń gbé ni house. Ibi tí olówó ń gbé ni mansion. Ibi tí ọba ń gbé ni palace. Parlour pàápàá wá láti ara parler, kí á sọ̀rọ̀. Yàrá tí àwọn mọ́ńkì ti ń gba àlejò lálejò, tí wọ́n sì ti láyè láti sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó di pálọ̀ lẹ́nu wa.

Láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá Faransé wọlé ni lintel wà. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní orúkọ tirẹ̀ fún igi orí ilẹ̀kùn yìí. Oferslege ni. Lónìí, a kò rí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìgboro tí yóò mọ̀ ọ́n. Inú ìwé àwọn onímọ̀ èdè àtijọ́ nìkan ni ó kù sí. A fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi èyí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí ó fi ń fojú kéré èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ yíyá ni. Ẹni tí ó sì yá a ti sọ tirẹ̀ nù.

Ìwé, ọkọ̀ ojú omi àti sìmẹ́ńtì

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ Ítálì fún àpẹẹrẹ ilé. Ní 1563, John Shute tẹ ìwé kan jáde nípa iṣẹ́ ọnà ilé, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inigo Jones rìnrìn àjò lọ sí Ítálì, ó sì padà wá kọ́ Banqueting House ní Whitehall, tí ó parí ní 1622. Balcony, portico, villa, cupola àti stucco jẹ́ ọ̀rọ̀ Ítálì. Architect fúnra rẹ̀ ti Gíríìkì wá, olórí àwọn ọ̀mọ̀lé ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òwò àti ìjọba amúnisìn gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé Íńdíà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ilé ilẹ̀ tí ó ní òrùlé gbòòrò, tí wọ́n ń pè ní bangla, ìyẹn ni ilé àwọn ará Bengal. Ó di bungalow. Veranda náà Íńdíà ni ó ti bá wọn wálé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Potogí ní varanda pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn aláṣẹ amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà, irú ilé yìí ni wọ́n gbé wá. Nítorí náà, nígbà tí bàbá kan bá sọ pé òun ti parí búńgálò òun, ọ̀rọ̀ tí ó ti Bengal gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá kí ó tó dé Ìlọrin ni ó ń sọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe tiwọn. Ní 1829, Henry Robinson Palmer gba àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ oníkókó tí a fi ń bolé, èyí tí àwa ń pè ní páànù. Ní 1824, Joseph Aspdin gba àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì tí ó pè ní Portland, nítorí pé ó jọ òkúta tí wọ́n ń wà ní erékùṣù Portland. Orúkọ erékùṣù yẹn sì wà lára àpò sìmẹ́ńtì ní ọjà wa títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan kádìí apá yìí. Thatch ni koríko ìbolé, tile ni amọ̀ sísun ìbolé, deck sì ni ohun tí àwọn bíríkìlà wa sọ di dẹ́kìǹ. Thatch jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tile jẹ́ ti Látìn, deck jẹ́ ti àwọn ará Holland. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn èdè ti fi hàn pé gbòǹgbò kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, gbòǹgbò tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí á bo nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan náà gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta wọ ilé kan.

Ilé wa kí páànù tó dé

Timbran, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i, fi igi hàn. Ní ti Yorùbá, mọ ni ọ̀rọ̀ ìṣe wa àtijọ́: a ń mọ odi, a ń mọ ògiri, ẹni tí ó sì ń ṣe é ni ọ̀mọ̀lé. Amọ̀ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọ̀mọ̀lé a máa pò ẹrẹ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè fà, wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Èdè tí ó ní iṣẹ́ báyìí kò lè ṣaláìní orúkọ fún ẹ̀yà ilé.

Ìgànná ni ó yí agbo ilé ká. Ìloro ni a ń gbà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibi tí òrùlé ṣíji bò níwájú yàrá, níbi tí àgbà ń jókòó sí, tí ọmọdé ń gbọ́ àlọ́. Àgbàlá wà láàrin. Òpó ni ó gbé òrùlé dúró, àjà sì wà lókè orí, tí a ń kó ẹrù sí. Ní ààfin, a ní àkòdì, a sì ní kọ̀bì tí ó yọ síta lára ilé, tí ó jẹ́ àmì ilé ọba. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bolé. Ní Ọ̀yọ́, kíkó bẹẹrẹ wá fún ààfin Aláàfin di ọdún pàtàkì. Ní inú igbó, ewé gbòdògì ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ọ̀nà, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ kí ọkọ̀ Potogí tó kan etíkun wa ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Iṣẹ́ ọnà náà kò gbẹ́yìn. Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn àti àtẹ́rígbà rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ère sí wà níbẹ̀ títí di òní. Ó ṣe wá ní kàyééfì pé àwọn tí wọ́n ń lọ wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù rí i kedere, tí akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń sọ pé àwọn baba wa kì í ṣe é sílé.

Àpérò wa jẹ́ ti onírúurú èdè, nítorí náà ó yẹ kí a fi kún un pé ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ Yorùbá. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní zaure, yàrá àbáwọlé tí baálé ti ń gba àlejò. Tubali ni ìṣù amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ògiri, azara sì ni igi ọ̀pẹ tí ó ń gbé òrùlé alámọ̀. Pẹ̀lú irú ohun èlò wọ̀nyí ni Babban Gwani kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ti Zaria ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Igbo ní obi. Bí a bá pe zaure, obi àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní parlour, a ti sọ ohun mẹ́ta di ẹyọ kan.

Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọ ilé wa

Ní 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì parí ilé wọn ní Badagry, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láàrin àkókò yẹn náà ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, ní 1843, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1852. Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Brazil mú ọgbọ́n ilé bíríkì àti ọnà ara ògiri wá sí Èkó. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ Àgùdà, wà lára àwọn tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ilé Ilojo Bar tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Èkó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé tí ìjọba dárúkọ pé kí a pa mọ́ náà lè wó, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ tí a yá, ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Ọ̀nà kìíní ni ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tuntun wá: páànù, sìmẹ́ńtì, búlọ́ọ̀kù, dẹ́kìǹ, bíríkìlà. Kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn àwọn wọ̀nyí. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe pẹ̀lú street àti tile ni a ṣe. A tilẹ̀ ti sọ wọ́n di tiwa pátápátá, débi pé bíríkìlà wa kì í fọwọ́ kan bíríkì, búlọ́ọ̀kù ni ó ń tò.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀rọ̀ tí ó dé bá ti onílé nílé, tí ó sì ń lé e jáde. Pílà ń lé òpó. Kíṣìnì ń lé ilé ìdáná. Faráńdà ń lé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Líńtẹ́ẹ̀lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àtẹ́rígbà tán. Níbí ni ewu wà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa olùkọ́ ni a sì ń la ògiri náà lẹ́nu nígbà tí a bá ń sọ fún ọmọdé pé kò sí i ní Yorùbá.

A gbọ́dọ̀ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù gbogbo tirẹ̀. Nígbà tí mansion dé, house kò kú. Wọ́n pín iṣẹ́ láàrin ara wọn. Yorùbá náà mọ ọgbọ́n yìí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a gbà láti ara upstairs wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n a tún mú àjà tiwa àtijọ́, a sọ ọ́ di ilé alájà méjì, ilé alájà mẹ́ta. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ irú ilé. Alájà ń ka iye. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ rí iṣẹ́ tuntun ṣe, ó sì wà láàyè.

Ohun tí ó kan àwa tí a ń kọ́ olùkọ́

Àwọn ìgbìmọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí Yorùbá. Èyí àkọ́kọ́, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, jáde ní 1984. Èkejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olótùú rẹ̀, jáde ní 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àkọ́kọ́ dojú kọ. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣì ń retí tirẹ̀. A dá àbá mẹ́rin wọ̀nyí:

Èkíní, kí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ilé ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà mẹ́ta lójú pátákó: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí i, àti ohun tí àwa ń pè é. Ìlà àárín yẹn ni yóò wo ojú ìtìjú sàn. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé window jẹ́ ojú afẹ́fẹ́ kò ní gbàgbé rẹ̀, kò sì ní tijú ojú fèrèsé.

Èkejì, kí a ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò ti fẹnu kò. Ohun tí ará Amẹ́ríkà ń pè ní first floor ni ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ground floor. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣi èyí sọ nínú ìdánwò kì í ṣe òpè. A kò ṣàlàyé fún un ni.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó bá lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ wá àgbà ọ̀mọ̀lé, agbẹ́gilére tàbí káfíńtà kan rí, kí ó gba ogún ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àti àmì ohùn, kí ó sì sọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ, nítorí pé ẹ̀ka-èdè kò sọ ọ́ bákan náà. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ ògiri ń dín kù lójoojúmọ́. Iṣẹ́ yìí kò nílò owó ìjọba. Ìwé àti bírò tó o.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ilé kíkọ́ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ jókòó. Àwa mọ ọ̀rọ̀, àwọn mọ ilé. Bí a kò bá jọ ṣe é, a ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí bíríkìlà kankan kò ní sọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá a lábàá pé kí a lé páànù àti sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Wọ́n ti di ọmọ onílé.

Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti tọpa ọ̀rọ̀ ilé Gẹ̀ẹ́sì láti ara igi àwọn Saxon, dé òkúta àwọn Norman, dé Ítálì àti Íńdíà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. A ti rí i pé ọ̀rọ̀ máa ń tẹ̀ lé ohun èlò àti agbára, pé yíyá kì í ṣe àbùkù, àti pé èdè tí kò bá ṣọ́ tirẹ̀ lè pàdánù rẹ̀, ì báà jẹ́ èdè ńlá. Oferslege ti lọ. Àtẹ́rígbà ṣì wà, ó wà nínú Bíbélì, ó wà lẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ padà sí kíláàsì náà ní ọjọ́ kejì. A kò rán an. Ó pe ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè jáde, ó sì fún un ní ṣọ́ọ̀kì kí ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lintel lójú pátákó. Ọmọ náà kọ ọ́ láìsí àmì ohùn. Ìyẹn la ó fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn.